Ẹṣin Méjìlélógún

"Méjìléláàádọ́rin kẹ̀?"

Onífìlà ló sọ ọ́. Ó yí fìlà rẹ̀ tó ti kọjú sẹ́yìn padà síwájú, àfi bíi pé fìlà ọ̀hún ni kò jẹ́ kó ríran dáadáa.

"Méjìléláàádọ́rin ni," Ìjì dá a lóhùn. "Ojú ẹ ò fọ́."

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Àwọn méjìlélógún tó ń di ẹrù nínú ilé ìkẹ́rù náà dúró sídìí tábìlì wọn, wọ́n gbójú sókè sí tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lára ògiri. Ibẹ̀ ni eré ẹṣin wọn ti máa ń wáyé. Oníkálukú ló ní ẹṣin kékeré kan níbẹ̀, aláwọ̀ tirẹ̀. Bí èèyàn bá ti di páálí kan tán, tó sì yin ìbọn sí i, ẹṣin rẹ̀ á sún síwájú. Ìbọn ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ ọwọ́ tó ń ka àmì ara ẹrù, torí bó ṣe rí. Ìlà funfun kan wà níwájú àwọn ẹṣin náà, ìyẹn iye páálí tí èèyàn gbọ́dọ̀ dì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ẹṣin rẹ̀ kò bá dé ìdí ìlà títí ọ̀sẹ̀ fi parí, àmì pupa ni wọ́n máa fún un. Bí àmì pupa bá pé mẹ́ta léraléra, wọ́n á gba káàdì ìwọlé lọ́wọ́ olúwarẹ̀, kó máa lọ sílé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń darí eré náà máa ń kéde ibi tí ìlà máa wà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti ń mú iye náà wá. Àwọn kan ní àwọn ọ̀gá àgbà ló ń fi í ránṣẹ́. Àwọn kan ní bí ọjà bá ṣe yá sí ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó parí yìí, mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni.

Alábòójútó wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni, fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìjì! Ìjì wa! Ọgọ́rin páálí ní wákàtí kan! Kò sẹ́ni tó ṣe irú ẹ̀ rí níbí. Wò mí, jẹ́ kí n ya ẹ́."

Ó ya fọ́tò Ìjì, ó sì fún un ní ìgò omi oníke kan tí wọ́n ya ẹṣin sí lára, ẹ̀bùn Ẹṣin Ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí tábìlì tó kàn, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Ó mú bébà pupa kékeré kan jáde.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ọgọ́ta ni tiyín. Ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Kó máa sọ̀rọ̀ sókè nígbà míì kí n lè gbọ́," Àǹtí ní, ó sì gba bébà náà.

Àǹtí ló dàgbà jù nínú gbogbo wọn. Okùn ló fi so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, èjìká ọ̀tún sì ti ń dùn ún láti bí oṣù kan. Kó tó di pé èjìká bẹ̀rẹ̀ wàhálà, páálí márùndínláàádọ́rin ló máa ń dì. Òun ló kọ́ Ìjì níṣẹ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí Ìjì ṣì ń fi eyín gé téèpù bí eku. Ní báyìí, Ìjì ti yára débi pé bó bá ń ṣiṣẹ́, àwọn bébà tó wà lórí tábìlì tó yí i ká máa ń fò. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.

Àǹtí tẹ̀ ba, ó sì na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì rẹ̀. Ohun tó máa ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti gbé eré ẹṣin dé: ó máa ń fi báírò kọ iye tuntun síbẹ̀.

"Kí lẹ tilẹ̀ ń kọ ọ́ fún, Àǹtí?"

"Ìyá mi máa ń kọ ọjọ́ tí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lọ́dọọdún. Kò dá òjò dúró o. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni."

Wọ́n jọ rìn dé ẹnu géètì. Ìjì kò lè pa á mọ́ra.

"Àǹtí, torí yín ni mo ṣe sáré bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Àádọ́rin ni mo máa ń ṣe, ẹ̀yin náà mọ̀. Mo rò pé bí ẹrù gbogbo wa bá pọ̀, wọn ò ní kíyè sí i pé tiyín dín. Mi ò tilẹ̀ ráyè mu omi."

Àǹtí dúró. Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Ìgò omi mélòó ni wọ́n ti fún ẹ?"

"Mẹ́rìndínlógún."

"Ìgò mẹ́rìndínlógún, o ò sì ráyè mu omi." Ẹ̀rín ń pa á, ṣùgbọ́n kò rín in tán. "O ṣé, ọmọ mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù fún mi. Méjìléláàádọ́rin, ọwọ́ yìí ò lè ṣe é."

* * *

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Ìjì lọ kí bàbá rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá náà fi ṣiṣẹ́ rélùwéè kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni. Ní báyìí, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló ń bá ṣe ìpàdé. Ètò rédíò kan wà tí àwọn mẹ́ta kan ti máa ń tú ìròyìn ọ̀sẹ̀ palẹ̀, orí ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì máa ń parí gbogbo rẹ̀ sí: ta ló ń jèrè rẹ̀? Ìbéèrè yìí ti wọ Bàbá lára. Ó ń bi ìpolówó ọṣẹ. Ó ń bi eré bọ́ọ̀lù. Ó ti bi dókítà eyín rí, ìyẹn sì bínú.

Lọ́jọ́ náà, ìdíje orin ló ń wò. Ọmọbìnrin kan ń sunkún lórí tẹlifíṣọ̀n, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó máa lọ sílé.

"Ohùn ọmọ yẹn dára," Bàbá ní. "Gbogbo wọn ni ohùn wọ́n dára. Kí ló dé tí wọn ò lè kọ ọ́ pọ̀?"

"Bàbá mi, ìdíje ni."

"Mo mọ̀ pé ìdíje ni. Ta ló ń jèrè ẹkún ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ẹ sì ń wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

"Ó dùn ni! Ṣé mo ní kò dùn?"

Ìjì rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ Àǹtí fún un. Ó sọ ti ìlà, ti àmì pupa, àti bí òun ṣe sáré títí dé ọgọ́rin tí ìlà sì tún fò sókè. Bàbá pa ohùn tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rọ̀ lásán.

"Ìlà yẹn, ṣé ó ti wálẹ̀ rí?"

Ìjì ronú. "Ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tí eyín ń dùn mí, tí mi ò lọ síbi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo padà, ìlà ti wálẹ̀. A ní àwọn ọ̀gá ṣàánú wa ni."

"Ẹ ní wọ́n ṣàánú yín."

"Ohun tí gbogbo èèyàn sọ nìyẹn."

"Nígbà tí mo wà ní rélùwéè, bí ọkọ̀ kan bá ń pẹ́, a kì í wo ọkọ̀ yẹn nìkan. A máa ń wá ohun mìíràn tó ń pẹ́ nígbà kan náà." Ó nawọ́ sí ìgò omi tó wà lórí fèrèsé, Ìjì ló kó mẹ́fà wá fún un nínú tirẹ̀, Bàbá sì ti gbin òdòdó sínú wọn. "Kí ló tún ń yí nígbà tí ìlà bá yí? Má sọ fún mi. Lọ wò ó."

* * *

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni Ìjì dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Àǹtí ti wà níbẹ̀, ó ń fi òróró pa èjìká.

"Àǹtí, ẹ káàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀." Ó sì dùbúlẹ̀ gbalaja sábẹ́ tábìlì.

"Ṣé kò sí nǹkan?"

"Òjò ìyá yín ni mo ń kà."

Ogún iye ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé Àǹtí tó rí roboto. Ìjì dà wọ́n kọ sára páálí kan. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó lọ sídìí ògiri tí fọ́tò àwọn Ẹṣin Ọ̀sẹ̀ wà. Ogún fọ́tò ló wà níbẹ̀ náà, wọ́n kọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe sábẹ́ tirẹ̀. Ìgbà tí Ìjì ń kọjá níwájú ògiri yẹn lójoojúmọ́, ojú ara rẹ̀ nìkan ló máa ń wò. Lónìí, iye ló ń wò. Ó kọ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Àǹtí.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹnì kan tó ti kúrò níbẹ̀ ló gbégbá orókè pẹ̀lú àádọ́ta. Àǹtí kọ márùndínláàádọ́ta. Nígbà tí Ìjì ṣe ọgọ́ta, Àǹtí kọ mẹ́rìnléláàádọ́ta. Nígbà tí Ìjì dé àádọ́rin, Àǹtí kọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ọ̀sẹ̀ eyín, Onífìlà ló wà lórí ògiri pẹ̀lú mẹ́tàdínláàádọ́rin, tó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó. Àǹtí kọ ọgọ́ta. Ọgọ́rin ti ọjọ́ Ẹtì, méjìléláàádọ́rin.

Ìjì fi ìka tẹ̀ lé wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún tẹ̀ lé wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Pín in sí mẹ́wàá, yọ ìdá kan, fi èyí tí kò pé páálí kan sílẹ̀. Ó bá ara wọn mu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láìyẹ̀. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn gan-an, bí ìgbà tí àpótí tó ti há bá ṣí lójijì. Lẹ́yìn náà ló rí ohun tó wà nínú àpótí náà.

Ó padà sọ́dọ̀ Àǹtí, ó kúnlẹ̀, ó gbé páálí náà sí i níwájú.

"Àwọn ọ̀gá kọ́ ló ń gbé ìlà sókè," ó ní. "Èmi ni. Ẹni tó bá yára jù lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀rọ á yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò nínú tirẹ̀, á sì sọ èyí tó kù di ìlà fún gbogbo èèyàn. Èmi ni mò ń lé yín, Àǹtí. Ìgbà tí mo ní mò ń ràn yín lọ́wọ́, ìgbà yẹn gan-an ni mò ń lé yín jáde."

Àǹtí gbé awò sójú. Ó ka páálí náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ètè rẹ̀ ń mì. Ìjì kò lè wo ojú rẹ̀.

"Ẹṣin ni ọ́," Àǹtí sọ níkẹyìn. "Ẹni tó gùn ọ́ ló ń lé wa. Dìde nílẹ̀ kí aṣọ ẹ má dọ̀tí."

* * *

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ ni Ìjì ti sọ ọ́ fún àwọn yòókù, pẹ̀lú páálí náà lọ́wọ́. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Jẹ́ kí n rí i," Onífìlà ní. Ó yọ fóònù, ó ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó tún un ṣírò. "Hẹn. Òótọ́ ni. Ìkà ni ẹ̀rọ yìí o."

"Torí náà, bí èmi nìkan bá rọra, ìwọ lo máa wà níwájú, ìlà ò sì ní wálẹ̀ tó," Ìjì sọ fún un. "Gbogbo wa la jọ máa ṣe é."

"Ṣe kí ni?"

"Ká má ṣe kọjá Àǹtí."

Onífìlà fa fìlà rẹ̀ sísàlẹ̀. "Ó rọrùn fún ẹ láti sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún lo ti wà lára ògiri. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni tèmi. Mo máa ń ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mọ́mì mi ni. Wọ́n fi ọ̀kan sórí fíríìjì."

Kò sẹ́ni tó fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ìyá Ìbejì, tí tábìlì rẹ̀ wà nítòsí ẹnu ọ̀nà, ló sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e.

"Àmì pupa ńkọ́? Méjìléláàádọ́rin ni ìlà wà. Bí a bá ṣe ọgọ́ta, gbogbo wa ló máa gba pupa lọ́jọ́ Ẹtì. Ọmọ méjì ni mò ń bọ́ o."

"Gbogbo wa ló máa gba ẹyọ kan," Ìjì ní. "Ṣùgbọ́n mẹ́ta léraléra ló ń léèyàn lọ. Bí ìlà bá wálẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a máa kọjá ẹ̀ láìlàágùn, pupa yẹn á sì parẹ́. Bí mo bá ṣì í, ẹ̀yin náà ṣì ní ọ̀sẹ̀ méjì níwájú. Àǹtí nìkan ni kò ní."

"Bí o bá ṣì í ńkọ́ lóòótọ́?"

"A jẹ́ pé mo ṣì í. Mi ò mọ̀. Mo fẹ́ mọ̀ ni."

Àǹtí, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ń so okùn bàtà, gbórí sókè. "Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni o. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù, kó ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Mi ò ní bínú, a ṣì máa jọ máa kí ara wa."

Bóyá torí pé kò bẹ wọ́n ni. Onífìlà ṣí fìlà rẹ̀, ó dé e padà, ẹ̀yìn ló kọjú sí. "Báwo la ṣe máa mọ̀ pé a ò tíì kọjá Àǹtí? A ò lè máa wo tẹlifíṣọ̀n ká sì máa di ẹrù."

"Téèpù wọn," Ìjì ní. "Ó máa ń ké."

* * *

Téèpù Àǹtí máa ń ké lóòótọ́. Ẹ̀rọ tó fi ń fà á ti gbó, bó bá sì ti fà á, á dún *fàáààrà* títí dé òpin gbọ̀ngàn. Ọdún mélòó kan ni wọ́n ti ń bú ẹ̀rọ náà pé ó ń fọ́ àwọn létí. Láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, òun ni wọ́n ń dúró dè. *Fàáààrà*, àwọn mọ́kànlélógún yòókù á sì fa tiwọn. Ó ṣòro fún Ìjì jù. Ọwọ́ rẹ̀ ti kọ́ eré. Ó di ẹrù kan tán, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé, ó ń dúró. Nínú ìdúró náà ló ti rí i pé fèrèsé kan wà lókè òrùlé. Ó tó oṣù márùn-ún tí kò ti gbójú sókè sí nǹkan kan bí kò ṣe ẹṣin. Ó mu omi ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́jọ́ náà.

Lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn ẹṣin náà tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, imú pẹ̀lú imú, wọ́n ń rìn lọ bí èèyàn tó jọ ń ti ọjà bọ̀. Ẹyọ kan ló fi orí díẹ̀ ṣíwájú, èyí aláwọ̀ eérú tó jẹ́ ti Àǹtí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, alábòójútó wá gbá ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó pa á, ó tún un tàn. Àwọn ẹṣin náà ṣì tò.

"Ó ti bàjẹ́," ó ní. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, kí ló ń ṣẹlẹ̀?"

"À ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá," Ìyá Ìbejì dá a lóhùn. *Fàáààrà.*

Lọ́jọ́rú, ó pe onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan wá. Onítọ̀hún yẹ ẹ̀rọ wò fún wákàtí kan, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Lọ́jọ́bọ̀, alábòójútó dúró sí àárín gbọ̀ngàn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

"Àwọn ọ̀gá ń bi mí. Ta ló kọ́kọ́ rọra nínú yín? Ẹ̀rọ yẹ kó lè sọ fún mi." Ó ń fi àtàǹpàkò yí ojú fóònù. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ rọra. Láti páálí àkọ́kọ́ ọjọ́ Ajé ni gbogbo wọn ti wà pa pọ̀. Ó wo Ìjì. "Ìjì, ṣé ara ẹ ò yá ni?"

"Ara mi yá, ọ̀gá. Kò tíì yá tó báyìí rí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alábòójútó náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí ipò rẹ̀.

* * *

Aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì, kò sẹ́ni tó kúrò nídìí tábìlì rẹ̀. Ojú tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn bó ṣe máa ń ṣe bí ẹ̀rọ bá ń ṣírò. Onífìlà ti ṣí fìlà rẹ̀ pátápátá, ó dì í mọ́ àyà. Ìjì ti kọ iye kan sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì di ọwọ́ náà.

Iye jáde. Mẹ́rìnléláàádọ́ta.

Ìjì la ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè kí Àǹtí lè rí ohun tó wà níbẹ̀: mẹ́rìnléláàádọ́ta.

Alábòójútó ti wọlé. Bébà pupa méjìlélógún ló dì lọ́wọ́ òsì, ó ń pín in láti tábìlì dé tábìlì. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Àǹtí, ó dúró. Ó wo fóònù rẹ̀, ó tún un wò. Lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ìgò omi ẹlẹ́ṣin wà.

"Àǹtí," ó ní. "Àmì pupa yín kejì nìyí. Ẹ ò dé ìdí ìlà." Ó wúkọ́ díẹ̀. "Ọgọ́ta lẹ ṣe, mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni gbogbo àwọn yòókù. Ẹ̀yin tún ni Ẹṣin Ọ̀sẹ̀."

Ó na ọwọ́ òsì, ó fà á padà, ó na ọ̀tún, ó tún fà á padà. Kò mọ èwo ló yẹ kó ṣáájú.

"Ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀?" Àǹtí bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Kó méjèèjì wá."

Ó gba pupa, ó gba ìgò. Nígbà tí alábòójútó gbé fóònù sókè láti ya fọ́tò, Onífìlà ti fo tábìlì kan kọjá, ó dúró sẹ́yìn Àǹtí. Ìyá Ìbejì tẹ̀ lé e. Kí fóònù tó dún, gbogbo wọn ti wà nínú rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń na ọrùn kí ojú wọn lè hàn.

"Ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kó wà níbẹ̀," alábòójútó ń sọ, ṣùgbọ́n ó yà á.

"Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi," Onífìlà ní. "Mọ́mì mi máa fẹ́ rí i."

Nígbà tí wọ́n tú ká, Àǹtí lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó pọn omi kún ìgò tuntun náà. Ó mu ún lórí ìdúró, láìkánjú, títí ó fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ló padà wá, ó mú báírò rẹ̀, ó sì di ọwọ́ mú tábìlì láti tẹ̀ ba. Èjìká mú un.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é," Ìjì ní.

Ó gba báírò, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Ó kọ mẹ́rìnléláàádọ́ta sí ìsàlẹ̀ méjìléláàádọ́rin. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ ọgọ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè pátápátá, ó ń kọ iye ara ògiri sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ìlà, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni tó bá tún tẹ̀ ba síbẹ̀ lè rí méjèèjì pa pọ̀.